Mi Ò Ní Bẹ̀bẹ̀ Nítorí Dúró-ńbẹ̀

                                        Yàrá Òkè, Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo fẹ́ràn jù,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú àmúmọ́ra àwọn oníbàárà tó ń gbé aṣọ wá lónìí tí wọ́n á ní ọ̀la làwọn fẹ́ gbà á. Ṣé ara yín le? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ láìpariwo? Ọkọ yín ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sọ fún wọn pé mo ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe máa ń sùn sídìí rédíò, tí wọ́n á ní àwọn ń gbọ́ ìròyìn. Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbúrò ti ga ju ẹ̀gbọ́n lọ báyìí, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà lé e lórí. Èmi náà wà, ara mi dá ṣáṣá, mò ń jẹun, mo sì ń sùn. Mo fi ìyẹn síwájú kí ọkàn yín lè kọ́kọ́ balẹ̀, torí mo mọ̀ pé èyí tó kù nínú lẹ́tà yìí lè já yín láyà.

Mo rí ìwé yín gbà. Ẹ ní àǹtí wa ti sọ gbogbo rẹ̀ fún yín: pé mo bú ọ̀gá mi lójú gbogbo ayé, pé wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́, pé ìwé àkàjù ti dà mí lórí rú. Ẹ ní kí n lọ bá ọ̀gá mi, kí n dọ̀bálẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí, kí n bẹ̀ ẹ́ títí á fi dárí jì mí, kí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní bẹ̀ ẹ́.

Ẹ má tíì ju lẹ́tà yìí sílẹ̀ o. Ẹ jókòó, ẹ gbé abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n fẹnu ara mi sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Èyí tí àǹtí wa gbé dé ọ̀dọ̀ yín, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ṣe kò ju pé wọ́n ní kí n jókòó, mi ò sì jókòó.

Kí n tó lọ jìnnà, mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ kí n máa fi "wọ́n" pe ọ̀gá mi. Bí mo bá wà níwájú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é, mo sì ń fi "sà" dì í. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tèmi yìí, "ó" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, ẹ bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbi iṣẹ́ gan-an. Mo ní sẹ́ẹ̀lì ni mò ń tọ́jú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ṣé ìyẹn ni mo torí ẹ̀ kàwé títí ojú mi fi fẹ́ẹ̀ fọ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara wa, ohun kéékèèké tójú lásán ò lè rí. Ọ̀kan á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ là ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni egbò ń jinná. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kì í kàn pín bó ṣe wù ú. Ìpele wà tó gbọ́dọ̀ là kọjá, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń tì í láti ìpele kan bọ́ sí èkejì bí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, tí sẹ́ẹ̀lì ń pín ṣáá, jẹjẹrẹ nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn pírótéènì kan fi wà tó ń dá a dúró. Ọ̀kan nínú wọn ni iṣẹ́ wa dá lé. Orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìwé, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni, kò lórí kò nídìí, nítorí náà Dúró-ńbẹ̀ la ń pè é ní yàrá iṣẹ́ tiwa. Nínú ìyẹ̀wù tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ló ti ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì náà, á ní kó dúró ńbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì dúró.

Dúró-ńbẹ̀ yìí ló sọ ọ̀gá mi di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń sọ káàkiri pé bíréèkì ni, pé bí a bá lè mú kí ó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ á dáwọ́ dúró. Ó wá rí oògùn kan tó ń mú un pọ̀. Iléeṣẹ́ apoògùn kan gbà láti bá a ṣe é, àwọn dókítà ilé-ìwòsàn ẹ̀gbẹ́ wa sì ti ń yan àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún. Inú gbogbo wa ń dùn. Èmi gan-an ti ń ronú irú aṣọ tí ẹ máa rán fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa yẹ́ wa sí.

Ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé iṣẹ́ kékeré kan fún mi. Mo ní láti mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó tẹ́ rẹrẹ sínú àwo, kí n fi ṣónṣó ike ha àárín rẹ̀ kí ojú ọ̀nà kan là gbọọrọ, kí n wá da oògùn sí i. A retí pé sẹ́ẹ̀lì ò ní pín mọ́, ojú ọ̀nà yẹn á sì wà gbayawu bẹ́ẹ̀.

Wọn ò pín mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà náà dí. Ó tilẹ̀ tètè dí ju ti àwo tí mi ò da oògùn sí lọ. Mo dúró ti àwo náà, mò ń wò ó bí ẹni tí òkú sín mọ́ lójú. Bí wọn ò bá pín, níbo làwọn tó dí ojú ọ̀nà ti wá? Wọ́n rìn ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ńṣe ni wọ́n kúrò níbi tí wọ́n wà tí wọ́n rìn wá síbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń bójú tó máíkírósíkóòpù, awò ńlá tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Jẹ́jẹ́ la ń pè é, torí kò sí ohun tó ń yára ṣe, títí kan ẹ̀rín: ẹ lè pa á lẹ́rìn-ín láàárọ̀ kó di ọ̀sán kó tó rín in. Mo ní kó bá mi fi àwọ̀ sára Dúró-ńbẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ká lè mọ ibi tó wà. Jẹ́jẹ́ fojú sí awò. Ó nu ojú awò náà, ó tún fojú sí i.

"Kò sí nílé," ló wí.

Dúró-ńbẹ̀ ò sí nínú ìyẹ̀wù tí a mọ̀ mọ́ ọn. Ìta ló wà, ó tàn káàkiri ara sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ aránṣọ, èyí máa tètè yé yín. Púpọ̀ nínú pírótéènì ló dà bí ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti rán parí: ọrùn ni ọrùn, apá ni apá, ẹ ò lè sọ ọ́ di ṣòkòtò mọ́. Dúró-ńbẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀, kò ní ìrísí kan pàtó tó dì mú. Ẹni tó bá pàdé ló ń wé mọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá wá lẹ àmì kékeré kan mọ́ ọn lára, iṣẹ́ rẹ̀ á yí padà. Àmì kan á mú kó bá wọn to ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó dá dúró pọ̀. Òmíràn á sé e mọ́ta, kò ní rí ìyẹ̀wù wọ̀ mọ́. Níta ọ̀hún, á lọ dí ohun tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì di ilẹ̀ mú lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì á tú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Pírótéènì kan ṣoṣo yìí náà o! Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ láyé, àwọn kan ti kọ ọ́ níbòmíràn. Àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó rí i pẹ̀lú oògùn tiwa.

Ẹ sì mọ bí jẹjẹrẹ ṣe ń pani. Kókó tó bá dúró sójú kan, dókítà lè gé e kúrò. Èyí tó bá rìn dé egungun, tó rìn dé ẹ̀dọ̀, ìyẹn ló burú jù. Àwa wá fẹ́ fún àwọn obìnrin kan ní oògùn tó lè ní kí jẹjẹrẹ wọn má dàgbà, kó tún fún un lówó ọkọ̀.

Mo gbé àwòrán lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ọsàn ló ń bó. Ó wò ó fìrí, ó ní ìdọ̀tí ló wọ inú àwo mi, kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, Jẹ́jẹ́ bo àmì ara àwọn àwo mọ́lẹ̀ kí èmi tí mò ń wọn ojú ọ̀nà má mọ èyí tó ní oògùn àti èyí tí kò ní. Nígbà tá a ṣí àmì, bákan náà ló rí. Mo padà lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Gbé e sí kọ̀rọ̀ ná," ló wí. "Bí oògùn bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn, a ó padà sórí rẹ̀."

"Ṣé ara àwọn aláìsàn la máa fi wò ó ni, sà?"

"Bíréèkì ni pírótéènì yìí. Mo ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí ẹ."

"Bíréèkì ni, sà. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀."

Èèpo ọsàn ọwọ́ rẹ̀ ló fi júwe ilẹ̀kùn fún mi.

Ìpàdé ńlá wá dé. Àwọn ará iléeṣẹ́ apoògùn jókòó síwájú pẹ̀lú kóòtù wọn, àwọn dókítà jókòó sẹ́yìn, ẹ̀rọ amúlétutù ń kán omi tótó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì létí ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn; ẹnu rẹ̀ dùn bí ẹni tí kò ní ohunkóhun láti fi pamọ́. Lẹ́yìn tó parí, obìnrin kan dìde. Dókítà àwọn oníjẹjẹrẹ ni, ó ga, bàtà kánfáàsì ló sì máa ń wọ̀ nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé-ìwòsàn fi ń pè é ní Oníkánfáàsì.

"Ṣé ibì kan wà," ló bèèrè, "tí oògùn yìí ti ṣe ohun tí ẹ ò retí?"

"Kò sí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi ni.

"Ó wà, sà."

Gbogbo orí ló yí sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí àgbàlagbà ń rín sí ọmọ tó bọ́ sáàárín àlejò láìwọṣọ. "Jókòó," ló wí.

"Màá jókòó, sà, bí mo bá sọ ọ́ tán."

"Mo ní kó o jókòó!"

"Mo gbọ́ yín, sà. Mi ò ní jókòó."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo di àga iwájú mi mú. Mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí: pé wọn ò pín, pé wọ́n rìn, pé ìta ni Dúró-ńbẹ̀ wà. Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi gba kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú gbogbo ohun tá a jọ ṣe. Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, kí n máa ka ìgò àti ìbọ̀wọ́. Akọ̀wé Ọ̀jọ̀gbọ́n wá bá mi níbẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé mo ṣe àṣìṣe, kí n sì tọrọ àforíjì, ohun gbogbo á padà bọ̀ sípò. Ibi tí ìròyìn àǹtí wa dúró sí nìyẹn. Wọn ò mọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó tẹ̀ lé akọ̀wé wọlé ni Oníkánfáàsì. Ó jókòó sórí páálí ìbọ̀wọ́, ó ní kí n tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ìbéèrè kan ló bi mí: ṣé mo lè mọ obìnrin tí Dúró-ńbẹ̀ tirẹ̀ wà níta kí wọ́n tó fún un ní oògùn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti gé díẹ̀ lára kókó àwọn obìnrin náà pa mọ́ tẹ́lẹ̀. Bá a bá fi àwọ̀ sí i, a máa rí i. Ó kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọ̀hún fúnra wọn, ó sì fún wa ní yàrá kan nísàlẹ̀ ilé-ìwòsàn, níbi tí páìpù omi gbígbóná ń gba òkè orí kọjá. Jẹ́jẹ́ ń wá bá mi níbẹ̀ bó bá ti ṣíwọ́. Mo kìlọ̀ fún un pé Ọ̀jọ̀gbọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ náà. Ó ronú sí i dáadáa, ó ní, "Ó máa wá mi tì ná."

Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n yàn, àwọn tí Dúró-ńbẹ̀ wọn wà nílé pọ̀ díẹ̀. Àwọn tí tiwọn wà níta náà ò kéré. Oníkánfáàsì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn aláìsàn, ìgbìmọ̀ sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gba oògùn náà láìjẹ́ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tí tiwọn wà nílé lè bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó kù dúró ná.

Ẹ rò pé mo jó? Mi ò jó. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ní kó dúró ló wá bá mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé ni, obìnrin oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, ohùn rẹ̀ ti le nítorí ariwo àwọn ọmọdé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ṣé ìwọ lo gba oògùn lọ́wọ́ mi?"

Mo lè sọ pé ìgbìmọ̀ ni. "Èmi ni, mà," ni mo wí.

"Kí lo fẹ́ fún mi dípò rẹ̀?"

"Mi ò tíì ní nǹkan kan, mà. Ìtọ́jú tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀ ni dókítà ní kẹ́ ẹ máa gbà lọ."

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó máa gbá mi létí, bó bá sì gbá mi, mi ò ní wí nǹkan kan. Àmọ́ ó ní kí n fi tòun han òun. Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un nídìí awò. Mo ṣàlàyé pé àárín yẹn ló yẹ kí àwọ̀ náà wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ yíká. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Òfìfo ni àárín," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bí mo bá sì ti lo oògùn yẹn?"

"A ò mọ̀ dájú, mà. Àmọ́ nínú àwo, ńṣe ni wọ́n ń rìn."

Ó gbé báàgì rẹ̀. "Inú ṣì ń bí mi sí ẹ," ló wí. "Ó yẹ kẹ́ ẹ bínú, mà," ni mo wí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Má fi ti ìbínú mi ṣe. Wá ohun tó máa dá a padà sílé." Ó sì lọ.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń wá bí a ṣe lè ṣí àmì tó sé Dúró-ńbẹ̀ mọ́ta kúrò lára rẹ̀, kó lè padà wọ ìyẹ̀wù. Oníkánfáàsì ti ní kí n máa bá òun ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ilé-ìwòsàn yẹn láti ọjọ́ Ajé. Àga ibẹ̀ ń mì, owó oṣù rẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa pè mí sí ìpàdé ńlá mọ́. Mo ti gbà á.

Mo mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà yín. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi lẹ́yìn ìyá wa. Ẹ fi ilé-ìwé tiyín sílẹ̀ kí n lè lọ, ẹ sì gún ìka yín lábẹ́rẹ́ kí n lè di èèyàn láàárín àwọn èèyàn. Mi ò gbàgbé ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí kí n lè rí nǹkan kí n sì ní mi ò rí i ni ẹ ṣe ṣe é? Bí ẹ bá rán aṣọ tó tú lára oníbàárà, ṣé ẹ máa ní kò tú? Mo mọ̀ yín. Ẹ máa gbà á padà, ẹ ó sì tún un rán. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ìwà yìí, ẹ má wá ní kí n lọ bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Lánàá, mo lọ dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i. Mo bá Ọ̀jọ̀gbọ́n pàdé lórí àtẹ̀gùn. Mo kí i dáadáa.

"Ta lo rò pé o jẹ́?" ló bi mí.

"Ẹni tó wò ó ni mí, sà," ni mo wí, mo yà fún un kó kọjá.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n pé gíga kọ́ la fi ń mọ àgbà. Ẹ kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ sì kí àǹtí wa dáadáa. Ẹ ka lẹ́tà yìí sí wọn létí látòkè délẹ̀, kí wọ́n lè rí òótọ́ gbé kiri lọ́tẹ̀ yìí. Bí inú bá ń bí yín sí mi, ẹ kọ ọ́ wá, màá kà á, màá sì tún kọ̀wé sí yín tìfẹ́tìfẹ́. Àmọ́ ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́.

Èmi ṣì ni àbúrò yín, tó wà lórí ìdúró,

Àbíkẹ́yìn.